Ẹ̀rọ atúmọ̀ orí fóònù lójú ọ̀rọ̀ “grace”: ibi tó ti yege àti ibi tó ti já kulẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tó wà lórí fóònù yín ṣeé fọkàn tán, ẹ má fi ìròyìn gígùn dán an wò. “Grace” ni kí ẹ kọ sí i, nínú gbólóhùn bíi mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́tà márùn-ún péré ni, àmọ́ ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà nídìí oúnjẹ, ó wà nínú ìwé àdéhùn owó yíyá, ó wà lórí káàdì ìgbéyàwó, ó wà lẹ́sẹ̀ oníjó, ó sì tún wà lórí ìwé ìbí gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọmọ. Yorùbá ní ohun tó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orúkọ kan náà kọ́ ló ń pè wọ́n, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ atúmọ̀ ọ̀fẹ́ lápapọ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò, bẹ̀rẹ̀ láti orí irú èyí tí Google fi Yorùbá kún ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, títí dé orí àwọn tí wọ́n kọ́ sórí NLLB, ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ atúmọ̀ tí Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, gbé jáde ní 2022 fún 200 èdè. A ò ní sọ pé ti lágbájá ló burú jù. Àwọn tó ni wọ́n ń tún wọn ṣe, ìdáhùn àná sì lè yàtọ̀ sí tòní. Irú àṣìṣe tó yẹ kí ẹ máa wá la ó sọ, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, àti bí ẹ ṣe lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ èdè lẹ́nu ìyá rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n to ti Yorùbá tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ló ń kà títí yóò fi máa méfò. Ní ti Yorùbá, ìwé ẹ̀sìn ló pọ̀ jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: Bíbélì, àti JW300 tí wọ́n kó jọ ní 2019 láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní èdè tó lé ní 300. Nígbà tí MENYO-20k, àkójọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, jáde ní 2021, pẹ̀lú gbólóhùn bí ọ̀kẹ́ kan (20,000) láti inú ìròyìn, àsọyé, eré àti rédíò, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ṣọ̀wọ́n nínú ohun tí ẹ̀rọ ń kà. Ẹni tó bá jẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti gbọ́ “grace”, oore-ọ̀fẹ́ ni yóò máa pè é níbi gbogbo. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, òun náà ló ń wọ̀ fún tọmọdé tàgbà.

A ò sọ pé aṣọ náà kò dára o. Ẹni tó kọ́kọ́ so oore mọ́ ọ̀fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá. Látìn “gratia” ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí “grace”, inú ìdílé kan náà ni “gratis” ti wá, èyí tí í ṣe ọ̀fẹ́. Títí dòní, bí ẹnì kan ní Brazil bá sọ pé òun rí nǹkan gbà “de graça”, lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń wí. Nítorí náà, bí ẹ bá fún ẹ̀rọ ní ìwàásù, ẹsẹ Bíbélì, tàbí ìwé ìtẹ̀lé fún ìsìn ìdúpẹ́, ó máa ń ṣe dáadáa. Nínú márùn-ún, a fún un ní mẹ́rin. Máàkì kan tó sọ nù jẹ́ tàwọn ẹsẹ tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti kọ “grace” sí, ṣùgbọ́n tí àwọn baba ìtumọ̀ Yorùbá yà sọ́tọ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 6:8, Noa “rí ojú rere” lójú Olúwa. Wọn ò pe èyí ní oore-ọ̀fẹ́, torí ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ dá lórí bí ojú ẹnì kan ṣe ń wo ẹlòmíì. Nínú Jákọ́bù 1:11, níbi tí oòrùn ti gbẹ koríko tí òdòdó rẹ̀ sì rẹ̀ dànù, “grace” ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lò, ẹwà ni Bíbélì Yorùbá pè é. Bí ẹ̀rọ bá bá yín sọ pé oore-ọ̀fẹ́ òdòdó parun, ẹ mọ̀ pé ó ti sùn lọ.

Ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdí oúnjẹ. Gẹ̀ẹ́sì ní “say grace” fún àdúrà kí a tó jẹun, ó tún ní “the grace” fún ẹsẹ 2 Kọ́ríńtì 13:14 tí ìjọ ń kà parí ìpàdé. Ní Nàìjíríà, a tún ní “let us share the grace”, tí kì í ṣe pé a fẹ́ pín nǹkan. Ẹ̀rọ á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di “ẹ sọ oore-ọ̀fẹ́”. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí alága ìdúró bá ka èyí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìrẹsì bọ̀: gbogbo ilé á dìde, wọ́n á kọjú síra wọn, “oore-ọ̀fẹ́ Jésù Krístì Olúwa, àti ìfẹ́ Ọlọ́run…”, àwọn kan á ti máa wá bàtà wọn lábẹ́ àga. Oúnjẹ ò tíì kan ẹnu. Ohun tí Yorùbá ń sọ ni “ẹ bá wa gbàdúrà sóúnjẹ”. Ti ìparí ìpàdé ni “ẹ jẹ́ ká ṣe oore-ọ̀fẹ́”. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín yan láàárín méjèèjì.

Lórí káàdì ìpè, máàkì méjì la fún un. “We invite you to grace the occasion with your presence” wà lórí ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mushin. Níbí, “grace” kì í ṣe orúkọ nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe ni, oore-ọ̀fẹ́ kò sì ṣeé fi ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ̀rọ lè kọ “láti ṣe oore-ọ̀fẹ́ ayẹyẹ náà”, ó lè kọ “láti fi oore-ọ̀fẹ́ fún ayẹyẹ náà”. Kò sí èyí tí ìyá ìyàwó máa kà tí ojú rẹ̀ kò ní rú. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa yẹ́ ọjọ́ náà sí.” Bó bá jẹ́ ọba tàbí àgbà ìlú lẹ ń kọ̀wé sí, “ẹ fi wíwá yín yẹ́ wa sí” ló bọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ “yẹ́ sí” yìí ni ẹ̀rọ kì í sábà mú jáde, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó, torí àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín.

“Grace period of 30 days.” Ẹ̀rọ á sọ pé “àkókò oore-ọ̀fẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́”. Ẹni tó bá ka èyí ní Yorùbá á gbọ́ pé wọ́n ti fojú fo owó náà, tàbí ó kéré tán pé ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn kò wọ inú ìṣirò. Ó lè jẹ́ irọ́ gbáà. “Grace” inú àdéhùn kò ju àyè lọ: ọjọ́ tí wọ́n fi kún ọjọ́ tó yẹ kí ẹ sanwó, kí wọ́n tó fìyà jẹ yín. Bóyá owó ń lé lórí láàárín àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí fún àwọn ará ilé wa tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá yáwó ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún un lẹ́yìn tó bá parí ẹ̀kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Àmọ́ bí owó náà bá jẹ́ irú tí ìjọba kò bá a san èlé rẹ̀, èlé ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí owó ti bọ́ sọ́wọ́, oṣù mẹ́fà “oore-ọ̀fẹ́” yẹn wà nínú rẹ̀. Káàdì ìrajà-àwìn níbẹ̀ tún ní tirẹ̀: òfin ní kí wọ́n fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí oníkáàdì ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, ẹni tó bá sì san gbogbo rẹ̀ tán nínú àkókò yẹn kì í sábà san èlé lórí ohun tó rà. Bó bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, àyè yẹn sábà máa ń ká kúrò, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ọjà tuntun láti ọjọ́ tó ti rà á.

Ní Nàìjíríà, ti adójútòfò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 50 nínú òfin adójútòfò ti 2003, èyí tí òfin tuntun rọ́pò ní 2025, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ààbò. Ẹni tó bá ka “oore-ọ̀fẹ́” nínú ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti òkèèrè, tó wá gbé mọ́tò jáde láìsanwó pé àkókò ṣì wà fún òun, bí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀, òun nìkan ni yóò gbé ẹrù rẹ̀.

Ti físà náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ní Amẹ́ríkà ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ìfidánrawò tí wọ́n fún un láṣẹ bá parí. Fún ìpalẹ̀mọ́ ni, tàbí kó gba ilé ìwé mìíràn lọ, tàbí kó bẹ̀bẹ̀ fún ipò mìíràn. Iṣẹ́ ṣíṣe kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ má túmọ̀ “grace period” sí oore-ọ̀fẹ́ rárá. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ gan-an, bíi ti owó yíyá: “Lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án, àyè ọgbọ̀n ọjọ́ ṣì wà tí a ò ní bu owó ìtanràn lé e, àmọ́ èlé kò dúró.” Ó gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí ibi tí ẹ fẹ́ kọ ọ́ sí bá há, “àfikún ọjọ́” tó. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wá ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn fúnra rẹ̀: ṣé owó ìtanràn dúró? ṣé èlé dúró? ṣé iṣẹ́ tàbí ààbò tí wọ́n ń fún yín ń bá a lọ? Ẹ̀rọ kò lè bá yín dáhùn wọn, torí pé inú ọ̀rọ̀ “grace” kọ́ ni ìdáhùn wà. Lórí ìwé owó, máàkì kan nínú márùn-ún, ìyẹn sì jẹ́ torí pé ó mọ nọ́ńbà kọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Ọgbọ́n tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ká gbé Yorùbá tí ẹ̀rọ kọ padà fún un, kó tún un túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ká wò ó bóyá ó bá ti ìbẹ̀rẹ̀ mu. Lórí “grace”, ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́. “Àkókò oore-ọ̀fẹ́” á padà di “grace period” láìyingin, ẹ ó sì rò pé ó yege. Bí àṣìṣe náà ṣe wọ́ lọ náà ló ṣe wọ́ bọ̀, kò sí ẹni tó rí i.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹ tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe kí ẹ tó fún un. Ẹ yọ “grace” kúrò pátápátá, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ pẹlẹbẹ tó gbé ìtumọ̀ yẹn rọ́pò rẹ̀. “Say grace” á di “pray over the food”. “Grace period” á di “extra days to pay”. “Grace the occasion” á di “come and honour us”. “She moves with grace” á di “the way she walks is beautiful”. “Fell from grace” á di “lost people's respect”. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ìyàtọ̀ tó ń mú wá sì pọ̀ ju ká máa pààrọ̀ ẹ̀rọ kan fún òmíràn lọ. Ẹ sì máa fún un ní odindi gbólóhùn. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i, Bíbélì ló máa sá lọ bá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ àmì wò. Bí ẹ̀rọ bá kọ “ore” láìfi àmì sí i, òǹkàwé ló máa yàn bóyá oore ni, tàbí ọrẹ tí à ń mú lọ síwájú pẹpẹ, tàbí ọ̀rẹ́ tí à ń bá rìn. Bí ẹ bá fẹ́ kí fóònù ka Yorùbá náà sókè, ẹ fi etí sí ibẹ̀ dáadáa.

Orúkọ èèyàn ńkọ́? “Grace Alele-Williams became vice-chancellor in 1985.” Obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà ni, ní Yunifásítì ìlú Benin. Bí orúkọ ìdílé bá tẹ̀lé e báyìí, ẹ̀rọ máa ń fi í sílẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ “Grace is not at home” lásán, tàbí tí ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré bí àwa ṣe ń kọ ọ́ lórí WhatsApp, ẹ lè bá “oore-ọ̀fẹ́ kò sí nílé” pàdé. Gbólóhùn tó lè dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, kí ẹ fi orúkọ ìdílé kún un, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tó bá túmọ̀ tán. Lórí ìwé ìjọba, Grace ni Grace. Ẹni tó ń jẹ́ Oreọ̀fẹ́ ń jẹ́ Oreọ̀fẹ́, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà níwájú akọ̀wé.

Oyè kò gbà wá lákòókò. “Your Grace” ni wọ́n ń pe dúùkù àti bíṣọ́ọ̀bù àgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ń pe ọba wọn pàápàá nígbà kan. Ẹ̀rọ á kọ “oore-ọ̀fẹ́ rẹ”, ó tún wá fi “rẹ” bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀! Ẹ kọ orúkọ oyè náà gan-an, kí ẹ sì lo “yín”. Ẹ má pè wọ́n ní Kábíyèsí, ìyẹn ti ní olówó.

Ní ti ẹwà, ẹ̀rọ kò ní ẹ̀bi tó pọ̀, torí pé bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ kò jọ ti Gẹ̀ẹ́sì rárá. Gẹ̀ẹ́sì á mú “grace” bí ohun tí èèyàn ní lápò: “she has grace”. Àwa kì í ní in, ó máa ń yẹ wá ni. Ìrìn rẹ̀ yẹ ẹ́. Ijó yẹ ẹ́. Ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹni tí wọ́n borí rẹ̀ nínú ìdíje tí kò fajú ro, Gẹ̀ẹ́sì ní ó gbà á “with good grace”, àwa ní ó gba kámú. Ẹni tó ṣẹ̀ tó sì “had the grace to apologise”, a ní ó tiẹ̀ lójútì, ó bẹ̀bẹ̀. Òṣèlú tó “fell from grace”, ó tẹ́. Lẹ́tà méjì péré! Ẹ̀rọ lè kọ pé ó ṣubú kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ Gálátíà 5:4, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ owó ìlú tó jẹ ni ìwé ìròyìn ń sọ. Ti “from grass to grace” tí àwa ará Nàìjíríà fẹ́ràn ló pabanbarì. “Láti koríko dé oore-ọ̀fẹ́” jọ ìtàn màlúù tó gba Jésù. Ẹ sọ pé ó ti inú ìṣẹ́ bọ́ sínú ọlá.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń lo ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ fi ojú sílẹ̀ sí i. Oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe èèwọ̀ lẹ́nu wọn, àmọ́ nínú ìtumọ̀ Àlùkùránì àti nínú wáàsí, “oore àjùlọ” àti “ìkẹ́” ló sábà máa ń jẹ yọ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ “grace”. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé Bíbélì ló fi kọ́ èdè kò ní yà sí ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀.

Ìwé atúmọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà kò tíì kú o. Èyí tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Áńgílíkà, tẹ̀ ní Èkó ní 1913 ní apá Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti apá Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wúlò fún rírí i pé ọ̀rọ̀ kan ní ju ojú kan lọ. Ti Abraham tó jáde ní 1958, Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni, àmọ́ gbólóhùn àpẹẹrẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀nà tó dára jù láti lò ó ni pé kí ẹ gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ wá lọ wo “oore”, “ojú” àti “yẹ” níbẹ̀, kí ẹ rí bí àwọn èèyàn ṣe ń lò wọ́n. Àbùkù ìwé àtijọ́ ni àkọtọ́. “Ore-ọfẹ” ni Bíbélì àtijọ́ kọ, oo wa òde òní kò sí níbẹ̀, torí náà bí ẹ bá wá “oore-ọ̀fẹ́” nínú Bíbélì orí fóònù tó ń lo àkọtọ́ yẹn, ó lè sọ fún yín pé kò rí nǹkan kan. Ẹ wá “ọfẹ” nìkan, ó máa jáde.

Bó bá jẹ́ ìwé àdéhùn, ìwé ilé ẹjọ́ tàbí ti ilé ìwòsàn ni, ẹ sanwó fún èèyàn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fún un ní gbólóhùn mẹ́ta túmọ̀: ọ̀kan láti inú Éfésù, ọ̀kan láti inú ìwé báǹkì, ọ̀kan láti orí káàdì ìgbéyàwó, kí “grace” wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá kọ oore-ọ̀fẹ́ sínú gbogbo rẹ̀, fóònù yín lè ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.